Ẹ Bi Wá: Lẹ́yìn Omíyalé, Ta Ni Ń Tọ́jú Ọkàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní Apẹ̀tẹ̀, n'Íbàdàn, níbi tí omíyalé ọdún 2011 ti ṣọṣẹ́. Oògùn ibà nìkan la máa ń múra sílẹ̀. Àwọn tí ìpayà bá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bi í. Níbi tí ẹ ti ń tọ́jú èèyàn, ẹ má ya tábìlì àwọn tí ìpayà bá sọ́tọ̀, ojú á máa ti èèyàn láti lọ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn lómi àti aṣọ gbígbẹ, kí ẹ bá wọn wá ará ilé wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni ròyìn bí omi ṣe gbé ọmọ lọ, ó lè dá kún ọgbẹ́ ọkàn. Ẹ má sì sáré fún wọn ní Valium, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀.

Àwọn tó ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, ó sì dùn wá. Bí omi bá gbé oògùn wárápá lọ, ìdádúró òjijì lè mú kí wárápá tún gbé aláìsàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní gan-an, ẹ rọra bi wọ́n ní kọ̀rọ̀: "Oògùn ojoojúmọ́ wo lẹ pàdánù?" Ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá a lójú ẹsẹ̀.

Àìsùn àti ẹ̀rù òjò wọ́pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń lọ fúnra wọn. Bó bá kọjá oṣù kan, ẹ darí ẹni náà sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan; ọjọ́ náà ni kí ẹ mú un lọ síbẹ̀.