Bí A Ṣe Ń Mọ Agbo Èrò Tó Yàtọ̀ Lábẹ́ Ìjọba Soviet

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àpilẹ̀kọ ìgboyè mi dá lórí àwọn onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Soviet, ṣùgbọ́n Marx àti Lenin ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Báwo ni mo ṣe lè mọ agbo tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ ní tòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ìtọ́kasí ṣe òṣùwọ̀n, nítorí bí owó ibodè ni ó rí nígbà náà: ẹni tí kò bá san án, ìwé rẹ̀ kò ní kọjá. Ẹ má sì gbára lé orúkọ tí àwọn aláṣẹ lẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1931, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì dá agbo onífìlọ́sọ́fì Abram Deborin lẹ́bi pẹ̀lú orúkọ tí wọn kò fi pe ara wọn rí. (Kò tíì pé ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà tí Deborin fúnra rẹ̀ rí i pé a dá àwọn alátakò tirẹ̀ náà lẹ́bi.)

Ohun tí èmi máa ń wò ni ìbéèrè tí agbo kan ń bi ara rẹ̀, àti ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà nínú iṣẹ́. Ní 1968, onífìlọ́sọ́fì Soviet méjì, Evald Ilyenkov àti David Dubrovsky, jọ jiyàn lórí ibi tí èrò ń gbé. Dubrovsky ní inú ọpọlọ oníkálukú ni. Ilyenkov ní inú ohun tí àwọn ènìyàn jọ ń ṣe ni ọmọ ti ń gbà á. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn ní Zagorsk, ìlú kan nítòsí Mọsko, níbi tí Meshcheryakov, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ á di ọwọ́ ọmọ mú mọ́ ṣíbí, wọn á jọ bu oúnjẹ, wọn á jọ gbé e dé ẹnu. Bí ọwọ́ ọmọ bá ti ń gbìyànjú láti lọ fúnra rẹ̀, olùkọ́ á dẹ ọwọ́ tirẹ̀. Lójú Ilyenkov, ibẹ̀ gan-an ni ìrònú ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gboyè ní Yunifásítì Mọsko ní 1977.

Ìyà tí àwọn aláṣẹ fi jẹ agbo kan nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé èrò rẹ̀ yàtọ̀. Bákan náà, àìsí ìwé títẹ̀ kò sọ pé agbo kò sí: inú ìjíròrò ni ẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ agbo Georgy Shchedrovitsky, onífìlọ́sọ́fì ní Mọsko.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí ìwé wọn, ẹ yára kọjá àwọn ojú ewé tí orúkọ Lenin kún, kí ẹ wá ibi tí òǹkọ̀wé ti ń bá ẹlòmíràn tí òun náà ń tọ́ka sí Lenin jiyàn.