Ṣé kí n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ AI yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni mí ní polí kan. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ wá ti ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fura pé ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ló ń bá wọn kọ ọ́. HOD wa, ìyẹn olórí ẹ̀ka wa, ní ká máa fi ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ AI mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí ẹ̀rọ bá mú gba òdo. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní òdo nítorí ẹ̀rọ yẹn. OpenAI tó ṣe ChatGPT gbé irú rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹnu wọn la ti gbọ́ pé nínú 100 ọ̀rọ̀ tí AI kọ, 26 péré ló ń mú, ó sì ń ka 9 nínú 100 tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́ ti AI. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti kó igbá rẹ̀ wọlé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 láti inú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEFL fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ló kọ wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ náà pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ AI. Ọmọ tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, tí gbólóhùn rẹ̀ gún régé, ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ọmọ tiwa nìyẹn.

Ohun tí ẹ ń fún ní máàkì ni kí ẹ yí padà. Bí iṣẹ́ bá gba 20, ẹ fi 12 sórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kó bọ̀ láti ìta: ìwé tó ń kọ nǹkan sí, ohùn tó gbà sílẹ̀, orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ kan kọ ìròyìn iná ọjà fún mi rí, ó dára débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ‘ọlọ́jà kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun’. Mo pe ọmọ náà, mo ní, ‘Kí ni ìyá yẹn ń tà?’ Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà. Èmi ò lo ẹ̀rọ kankan.

Ẹ má sì lé AI jáde ní kíláàsì, torí wọ́n máa bá a níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó lójú yín, pàápàá èyí tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀. Nígbà ọ̀wọ́n náírà ní 2023, ìyálọ́jà kan sọ fún wa pé, ‘Ọ̀wọ́n owó ló pa òwò wa.’ Ohun tí ẹ̀rọ kọ ni ‘owon owo lo pa owo wa’, kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Nígbà tí a ní kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, òwò ti di owó, ìyálọ́jà wá di ẹni tó ń sọ pé owó pa owó. Mo ní kí kíláàsì padà gbọ́ ohùn náà, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì fa ilà sí gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ti ṣì í. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà gbà wá ní wákàtí méjì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbà á bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì lámì. Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè Áfíríkà, wà lẹ́nu àtúnṣe rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan, MasakhaNER, tí wọ́n gbé jáde ní 2021, ìròyìn ni wọ́n fi ṣe é, láti fi kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe dá orúkọ èèyàn, ibi àti ilé iṣẹ́ mọ̀ ní èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi han àwọn ọmọ.

Ìkìlọ̀ kan rèé o: ohùn ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ẹni tó finú hàn wá ò sọ pé ká gbé òun lọ bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa kọ sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ibi tó ti lo AI àti ohun tó tún ṣe sí i. Ẹni tó bá sọ òótọ́, ẹ má yọ máàkì rẹ̀.

Ní ti HOD yín, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń ṣe másítà, èyí tí wọ́n kọ kí ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá 2022, kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ òun náà wò.