Gbèsè Tí Kò Ní Èlé àti Ọjà Tí Ó Ní Èlé Lórí Káàdì Kan Náà

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà yín, inú mi sì dùn pé ẹ kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó di ńlá láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín. Nítorí àwọn òǹkàwé yòókù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ bá mi sọ ní ṣókí. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ gbèsè 6,000 dọ́là lórí káàdì kírẹ́díìtì kan tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹ sì rọ ọkọ yín títí ó fi gbà pé kí ẹ gbé gbèsè náà lọ sórí káàdì báńkì mìíràn, èyí tí ó ṣèlérí pé òun kò ní gba èlé kankan lórí rẹ̀ fún oṣù 15. Báńkì tuntun náà gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 180 dọ́là, fún gbígbé e, gbèsè sì di 6,180. Ẹ pín in sí ọ̀nà 15, ẹ rí i pé 412 dọ́là ló máa jẹ́ lóṣù, ẹ sì ti san án fún oṣù mẹ́ta láìjáfara. Ṣùgbọ́n káàdì tuntun yìí kan náà ni ẹ fi ń ra epo ọkọ̀ àti ohun tí ilé ń lò, nǹkan bí 300 dọ́là lóṣù, èlé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ìwé ìṣirò tí báńkì ń fi ránṣẹ́. Ọkọ yín ní jìbìtì ni wọ́n lù yín, pé tí oṣù 15 bá pé, báńkì á gba gbogbo èlé tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá ọ̀nà wà láti máa ra nǹkan láìsan èlé nígbà tí gbèsè yìí ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀nà wà, kò sì le. Jìbìtì kọ́ ni. Yàtọ̀ sí 180 dọ́là tí báńkì gbà fún gbígbé e, kò tíì gba kọ́bọ̀ èlé lórí gbèsè tí ẹ gbé wá, kò sì yẹ kí ó gbà á títí oṣù 15 yóò fi pé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé gbèsè méjì ló wà lórí káàdì yín báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni báńkì fi ń ránṣẹ́: gbèsè tí ẹ gbé wá, tí kò ní èlé, àti ọjà tí ẹ ń rà, tí ó ní èlé tirẹ̀. Ìlérí tí wọ́n fi fà yín wá kan ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹ ó sọ pé, ṣebí ẹ ti lo káàdì kírẹ́díìtì rí tí ẹ ra nǹkan tí ẹ kò san èlé? Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn káàdì yìí máa ń fún oníbàárà ní àkókò oore-ọ̀fẹ́ láàárín ìgbà tí ìwé ìṣirò oṣù bá jáde àti ọjọ́ tí sísan owó pé, òfin Amẹ́ríkà sì sọ pé tí báńkì bá fún ni ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 21. Ẹni tí ó bá san gbogbo owó tí ó wà nínú ìwé náà kí ọjọ́ tó pé kò ní san èlé lórí ọjà tí ó rà. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni "gbogbo". Nígbà tí ẹ gbé 6,180 dọ́là sórí káàdì, tí ẹ tún ra ọjà 300 lé e, "gbogbo" ti di 6,480. Kò sí ẹni tí ó gbé gbèsè lọ síbi tí wọ́n ti fún un ní oṣù 15, tí yóò tún ní 6,480 dọ́là lọ́wọ́ láti san lẹ́ẹ̀kan ní oṣù àkọ́kọ́. Nítorí náà àkókò oore-ọ̀fẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé gbèsè náà dé, gbogbo ohun tí ẹ bá sì fi káàdì náà rà ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba èlé láti ọjọ́ tí ẹ rà á.

Mo fẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ pé ìbínú rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó, Consumer Financial Protection Bureau, kìlọ̀ fún àwọn tí ń fúnni ní káàdì kírẹ́díìtì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àjọ náà sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń polówó gbígbé gbèsè láìsí èlé, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó hàn kedere pé ẹni tí ó gbà á lè pàdánù àkókò oore-ọ̀fẹ́ lórí ọjà tuntun, ó lè já sí ẹ̀tàn lábẹ́ òfin. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló kó sí i.

Ní ti ẹ̀rù pé báńkì á padà wá gba èlé oṣù 15 lápapọ̀, ìyẹn kì í ṣe ti irú ètò tí ẹ ṣe yìí. Àwọn ilé ìtajà kan ní ètò tí wọ́n fi ń dá èlé dúró fún ìgbà kan, tí wọ́n á sì padà gba gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó rajà kò bá san tán kí ọjọ́ tó pé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ọkọ yín gbọ́ nípa rẹ̀. Lórí gbèsè tí a gbé wá pẹ̀lú ìlérí àìgba èlé, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún nìkan ni èlé yóò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, láti ìgbà náà lọ.

Ohun tí ó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín kì í ṣe èlé dọ́là mélòó kan tí ẹ rí nínú ìwé ìṣirò. Ó jẹ́ ohun tí ẹ kò tíì rí. Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2010, tí ó sọ bí báńkì gbọ́dọ̀ ṣe pín owó tí oníbàárà bá san. Iye tí ó kéré jù lọ tí báńkì ní kí a san lóṣù, báńkì lè fi sórí gbèsè tí ó bá wù ú, èyí tí kò ní èlé ni ó sì sábà máa ń fi í sí. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá san lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sórí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù. Òfin tó dára ni, torí kí ó tó dé, àwọn báńkì máa ń jẹ́ kí gbèsè olówó èlé gíga máa pọ̀ sí i nígbà tí owó tí ènìyàn ń san ń lọ sórí èyí tí èlé rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí fún yín. Ká ní 65 dọ́là ni iye tí ó kéré jù lọ tí báńkì ní kí ẹ san. Nínú 412 tí ẹ ń san, 65 lọ sórí gbèsè tí ẹ gbé wá, 347 tí ó kù sì kọ́kọ́ san 300 tí ẹ fi rajà, kí 47 péré tó padà sórí gbèsè náà. Ẹ rò pé gbèsè yín ń fi 412 dín kù lóṣù. 112 ni ó fi ń dín kù. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ báyìí, nígbà tí oṣù 15 bá pé, nǹkan bí 4,500 dọ́là á ṣì wà nílẹ̀, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ má ṣe fi káàdì yẹn ra ohunkóhun mọ́. Bí owó kan bá wà tí ó ń yọ láti orí rẹ̀ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, bíi owó fóònù tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, torí òun ni ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Ẹ san ọjà tí ó wà lórí rẹ̀ tán ní oṣù yìí, kí ẹ sì mọ̀ pé èlé kékeré kan lè tún yọjú nínú ìwé tí ó tẹ̀lé e, ìyẹn ti àwọn ọjọ́ tí ó wà láàárín ìgbà tí ìwé jáde àti ìgbà tí owó yín wọlé. Ẹ san án, yóò dópin.

Káàdì wo ni kí ẹ wá máa fi rajà? Ti àtijọ́ lè ṣe é, tí kò bá ti sí gbèsè kankan lórí rẹ̀ mọ́, tí ẹ sì ń san gbogbo owó inú ìwé rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò dáadáa, nítorí èlé ọjọ́ ìkẹyìn lè ti yọ́ wọlé síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gbé gbèsè kúrò, bí ẹ kò bá sì mọ̀ pé ó wà, wọ́n á kà á sí yín lọ́rùn pé ẹ kò san owó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ máa fi káàdì tí ó ń yọ owó tààrà láti inú àkáǹtì yín rajà títí gbèsè yìí yóò fi tán. Lórí káàdì àtijọ́ yẹn ni 6,000 dọ́là ti kóra jọ lákọ̀ọ́kọ́.

Àwọn káàdì kan wà tí kò gba èlé lórí gbèsè tí a gbé wá àti lórí ọjà tuntun fún iye oṣù kan, àwọn báńkì kan sì wà tí wọ́n máa ń yọ gbèsè tí a gbé wá kúrò nínú ohun tí a gbọ́dọ̀ san kí àkókò oore-ọ̀fẹ́ má bàa bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín wà nínú wọn, ẹ wo ìlà tí ó sọ bí ènìyàn ṣe lè yẹra fún èlé lórí ọjà nínú àtẹ ìwé àdéhùn yín, kí ẹ sì bi báńkì ní ìbéèrè yìí gan-an: "Tí mo bá san gbogbo ohun tí mo fi káàdì yìí rà lóṣù yìí, pẹ̀lú iye tí ó kéré jù lọ tí ẹ ní kí n san, tí mo sì fi ìyókù gbèsè tí mo gbé wá sílẹ̀, ṣé ẹ ó gba èlé lórí ohun tí mo rà?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó kankan kọjá. Tí ìsanwó bá pẹ́ ju ọjọ́ 60 lọ, òfin gba báńkì láàyè láti fagi lé ìlérí àìgba èlé náà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe kó ìwé ìṣirò pamọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ìwé tí a tẹ́ sílẹ̀ sì máa ń ran ọ̀rọ̀ rere lọ́wọ́. Ẹ fi hàn án pé lórí káàdì àtijọ́, nǹkan bí 120 dọ́là ni èlé ń gbà lọ́wọ́ yín ní oṣù kan ṣoṣo, pé 180 tí ẹ san láti gbé gbèsè náà kò tó èlé oṣù méjì. Ìgbésẹ̀ tí ẹ rọ̀ ọ́ láti gbé tọ̀nà. Ẹ sì gbà fún un pé òun náà rí ohun kan tí kò lọ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò. Nǹkan bí 5,850 dọ́là ló kù nínú gbèsè tí ẹ gbé wá, oṣù 12 ló sì kù, nítorí náà iye tí ẹ nílò lóṣù ti di bí 490. Ẹ kò sọ fún mi bóyá 300 tí ẹ ń fi káàdì ná wà nínú àkáǹtì yín tẹ́lẹ̀, tàbí ẹ ń fi káàdì ná an nítorí pé kò sí. Bí ó bá wà, ẹ ó rí 490 náà san. Bí kò bá sí, ẹ jọ wo ohun tí ilé lè dín kù, kí ẹ sì san èyí tí agbára yín bá ká, torí ní báyìí gbogbo dọ́là tí ẹ bá san ń já gbèsè náà fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ó bá ku oṣù méjì, ẹ wo iye tí ó ṣẹ́ kù. Bí ó bá ṣì pọ̀, ẹ lè tún gbé e lọ sórí káàdì báńkì mìíràn, bí owó ìgbégbèsè bá kéré sí èlé tí ẹ ó san bí ẹ bá fi í sílẹ̀ síbi tí ó wà, kí káàdì tuntun yẹn sì wà nínú àpótí láti ọjọ́ tí ó bá dé.