Ṣé ọ̀gọ̀dọ̀ ló fún Plashet lórúkọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. East Ham ní London là ń gbé, nítòsí Plashet Park. Wọ́n ní kí ọmọ mi wá ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò wa wá. Ó rí i nínú ìwé atúmọ̀-èdè pé "plash" ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe ọ̀gọ̀dọ̀, ló bá kọ ọ́ pé "ibi ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré". Ṣé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kó má tíì fún tíṣà. Ohun tó kà tọ̀nà, àdúgbò yín ni kò bá a mu.

Plash tó rí yẹn ti wà kí àwọn Norman tó gba England lọ́dún 1066. Plæsc ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Omi tí kò jìn, tó kàn dúró sójú kan, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Shakespeare ṣì lò ó nínú The Taming of the Shrew: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun dà bí ẹni tó fi plash sílẹ̀ lọ bọ́ sínú ibú. Àwọn ará Netherlands ò tíì fi tiwọn sílẹ̀. Plas ni wọ́n ń pe omi òjò ojú títì títí dòní (ìtọ̀ náà ń jẹ́ plas, ẹ má sọ fún ọmọ o). Ní England, puddle ti gba ipò rẹ̀. Ọmọ pudd ni puddle, ìyẹn kòtò tàbí poro. Lónìí, bí wọ́n bá sọ plash, ìró omi ni wọ́n sábà ń wí, splash ló sì wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Plashet ńkọ́? Faransé àtijọ́ ni: plaissiet, ibi tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tí wọ́n hun mọ́ra sọgbà yí ká. Plash kejì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tó bá èyí tan, kí èèyàn tẹ ẹ̀ka igi kó sì hun ún di ọgbà. Bí ọkọ̀ àti ọkọ́ tí a kò fi àmì sí lórí ló rí. Plaistow tó wà nítòsí yín náà kò bá wọn tan. Ibi eré ni ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ìlú tó gba orúkọ lára ọ̀gọ̀dọ̀ lóòótọ́, kó wo Plaish ní Shropshire.

Nítorí náà, kó kọ "ibi tí wọ́n fi ẹ̀ka igi sọgbà yí ká". Kó má pa ti ọ̀gọ̀dọ̀ rẹ́ o. Kó fi sí ìsàlẹ̀ pé ohun tóun kọ́kọ́ rò nìyẹn. Bó bá jẹ́ èmi ni tíṣà rẹ̀, màá fi máàkì kún un.