Ọ̀dà kì í pa ìpẹtà, ẹ yéé bò ó mọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Òrùlé ilé wa ti lé lọ́dún 20, páànù onírin ni, ó ti dípẹtà káàkiri, pàápàá nídìí àwọn ìṣó, àmọ́ kò tíì jò. Ẹnìkan ní kí n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára mọ́tò pa á, kí n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó mu ún dáadáa, kí n wá kun ọ̀dà lé e, pé ìpẹtà náà máa kú. Ọ̀dà wo ló dáa jù, ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n kùn ún?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ọ̀dà tì ná, ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Irú ìbéèrè yìí ti ń sú mi, ẹni tí kò bá sọ ọ́ìlì á sọ kóólútà, ẹni tí kò bá sọ kóólútà á ní òun fẹ́ kun ọ̀dà kó nípọn dáadáa, ohun kan náà ló sì wà lọ́kàn gbogbo wọn, pé ìpẹtà tí a bá ti bò mọ́lẹ̀ tí ojú ò rí mọ́, ó ti kú nìyẹn. Kò kú o.

Ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó bà lé irin, irin yẹn gan-an ló yí padà. Omi àti atẹ́gùn ló pàdé lára ẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di nǹkan pupa tó ń ṣí yẹn, nǹkan pupa náà sì máa ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó bí i lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wú. Bó ṣe ń wú ló ń là, ihò wínníwínní á wà nínú ẹ̀, ihò yẹn ló ń fa omi àti iyọ̀ mọ́ra. Ẹ wá kun ọ̀dà lé e, omi wà nísàlẹ̀, iyọ̀ wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀dà fúnra ẹ̀ náà kì í dí omi àti atẹ́gùn pátápátá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wá òrùlé tí wọ́n kùn báyìí, ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí, ẹ ṣa èépá kan níbẹ̀ kí ẹ yí i padà. Ojú ẹ̀ á ṣì máa dán, ẹ̀yìn ẹ̀ á pupa, lẹ́búlẹ́bú ìpẹtà á yí yín lọ́wọ́, irin tó wà nísàlẹ̀ náà á pupa. Ṣé ẹ rí i, ọ̀dà ò jẹ̀bi, ọ̀dà di ìpẹtà mú gírígírí, ìpẹtà ni kò di irin mú. Kí ẹ ra ọ̀dà tó wọ́n jù láyé, orí ohun tó ń ṣí kúrò lára irin lẹ ṣì kùn ún sí. Egbò tó ń ṣọyún lẹ fi báńdéèjì bò yẹn.

Ti ọ́ìlì ló tún burú jù. Ọ́ìlì mọ́tò kì í gbẹ, ọ̀dà tó bá bá a níbẹ̀ ò ní rí ibi dì mú, òjò á wá máa fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà àti sínú omi òjò tí ẹ bá ń gbè, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìn ní èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ. Tí ẹ bá ti fi pa ibì kan, ọṣẹ tó ń já gírísì lẹ máa fi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe nǹkan míì. Ẹni tó ní kí ẹ fi pa á, kó lọ fi pa tiẹ̀ ná.

Ẹ ní kò tíì jò. Ta ló sọ fún yín? Ẹ wọ inú àjà lọ lọ́sàn-án gangan, ẹ pa gbogbo iná, ẹ dúró títí òkùnkùn ibẹ̀ á fi mọ́ yín lójú, kí ẹ wá wòkè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, bó ti wù kó kéré tó, páànù yẹn ti tán, kò sí ọ̀dà fún un, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ibi tí kò bá yọ, ẹ fi ẹnu sikurudíráfà tẹ̀ ẹ́, tó bá rọ̀ tàbí tó lu, òun náà ti lọ. Èyí tó bá le nìkan la lè bá sọ̀rọ̀.

Irin páànù yẹn, inú síńkì tó yọ́, ìyẹn irin míì tí wọ́n fi ń bo irin kó má baà dípẹtà, ni wọ́n rì í sí, ní bíi dígírì 450 lórí ìwọ̀n Celsius, síńkì yẹn ló sì ń kọ́kọ́ jẹrà dípò irin. Ibi tí síńkì ti tán lẹ ti ń rí pupa. Torí náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi pupa yẹn títí gbogbo ohun tó ń ṣí á fi lọ, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án dáadáa kí iyọ̀ lè kúrò, kó gbẹ́ pátápátá, kí ẹ sì fi práímà, ìyẹn ọ̀dà ìsàlẹ̀, kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an, èyí tí wọ́n kọ zinc phosphate sí lára. Oògùn tó ń sọ ìpẹtà di dúdú dáa fún ìwọ̀nba tó bá kù sínú kòtò lẹ́yìn tí ẹ ti ha á tán, kì í dá irin padà. Lẹ́yìn práímà, ọ̀dà òkè lẹ́ẹ̀mejì ti tó, òun nìdáhùn sí ìbéèrè yín. Àmọ́ ibi tí síńkì ṣì wà, ẹ má kun ọ̀dà olóróró lé e ní tààrà, síńkì máa ń sọ ọ́ di ọṣẹ nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ṣí. Ẹ ka ara agolo, kí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún irin onísíńkì. Tí ẹ bá sì ń gbe omi òjò mu, kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ìṣó tó ti dípẹtà, ẹ yọ ọ́, ẹ fi síkúrúù tó nípọn jù ú lọ díẹ̀ tó ní wáṣà onírọ́bà dípò ẹ̀.

Mi ò rí òrùlé yín o, ohun tí mo sọ yìí ò dípò ẹni tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gùn ún nígbà tó bá tutù, ẹ má tẹ àárín páànù, ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀ torí ibẹ̀ ni igi wà, ìyẹn tí igi ò bá tíì jẹrà. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé ni, ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de irú ẹ̀ fún ilé gbígbé, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Tó bá sì lọ jẹ́ asbestos ni kì í ṣe irin, ìyẹn páànù àtijọ́ tí eruku ẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé búrọ́ọ̀ṣì kankan débẹ̀.

Fún èyí tí ẹ máa pààrọ̀, ẹ sọ fún káfíńtà kó má fi ẹ̀rọ oníná gé páànù tuntun lórí òrùlé. Ohun tó ń ta jáde yẹn, irin gbígbóná ni, á lẹ̀ mọ́ àwọn páànù yòókù, láìpẹ́ ẹ óò rí tóótòòtó pupa káàkiri, ẹ óò ní wọ́n ta páànù burúkú fún yín. Ilẹ̀ ni kó ti fi àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé páànù gé e kó tó gbé e gòkè.