Wọ́n ní ewé sáwásọ́ọ̀pù lágbára ju abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ìyá mi. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ paclitaxel lẹ́ẹ̀mejì, irun wọn ti ń já, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, ó sì ń gbóná. Àbúrò wọn ra àgbo wá láti Sábó: ewé sáwásọ́ọ̀pù àti egbò orin àtà, nínú ọtí. Ẹlẹ́wéọmọ ní àwọn oyìnbó fúnra wọn ti rí i pé ó lágbára ju abẹ́rẹ́ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìyá mi fẹ́ pa abẹ́rẹ́ tì. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ọmọ Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Kí wọ́n má pa abẹ́rẹ́ tì o. Kí wọ́n sì gbé àgbo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí yìí. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti bu sí ife.

Ilé ẹlẹ́wéọmọ ni wọ́n bí mi sí. Sábó yẹn náà ni ìyá mi ti ta ewé àti egbò, owó rẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Mi ò ní bu ewé kù láéláé. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́wéọmọ sọ fún àbúrò ìyá rẹ kì í sì í ṣe ohun tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ibi tó ti wá.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn èròjà tí wọ́n yọ láti inú kóró sáwásọ́ọ̀pù. Wọ́n da àwọn èròjà náà sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo. Ọ̀kan nínú wọn, cis-annonacin, pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti Adriamycin, abẹ́rẹ́ pupa kan tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, tí ìwọ náà lè ti rí ní ọsibítù. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ wò ó. Kóró ni wọ́n lò, kì í ṣe ewé. Sẹ́ẹ̀lì ìfun ni, kì í ṣe ti ọmú. Inú àwo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sí aláìsàn kankan níbẹ̀. Ìlọ́po tí wọ́n ń pariwo yẹn kò sọ ju pé díẹ̀ báyìí ló tó láti pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ọṣẹ ìfọṣọ náà yóò pa á bí o bá dà á sínú àwo. Ohun tí díẹ̀ yẹn yóò ṣe sí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ ẹni tó gbé e mì, àwo kò lè sọ ọ́.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ibì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣe agbára tó fi ń gbé ayé, ibẹ̀ gan-an ni èròjà sáwásọ́ọ̀pù ń dí pa. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti ti iṣan ìmọ̀lára náà nílò agbára yẹn, wọ́n sì nílò rẹ̀ gan-an. Ní erékùṣù Guadeloupe, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso yìí tí wọ́n sì ń mu omi ewé rẹ̀, àwọn dókítà kéde ní 1999 pé irú àìsàn gbígbọ̀n kan tó jọ Parkinson, tí oògùn Parkinson kì í sábà ràn, ń ṣe àwọn èèyàn ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì fura sí igi yìí. Iṣan ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń jìyà abẹ́rẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń ta wọ́n. Kí ló dé tí a ó tún fi èyí kún un?

Orin àtà ńkọ́? Igi tiwa ni, orí mi sì wú nígbà tí mo kà nípa rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n yọ èròjà kan tó ń jẹ́ fagaronine láti ara rẹ̀, tó bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ jà lára eku. Síbẹ̀ kò tíì di oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn. Kódà, kí ìyá rẹ má fi run ẹnu ní àsìkò yìí. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n lò, torí erìgì wọn lè tètè máa ṣẹ̀jẹ̀.

Sọ fún wọn pé ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa tì yẹn. Igi yew ni, ilẹ̀ olótùútù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló ń hù sí. Wọ́n bó èèpo rẹ̀ ní 1962. Monroe Wall, Mansukh Wani àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yọ paclitaxel níbẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Ó di 1992 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin, 1994 fún ti ọmú. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wá bí yóò ṣe pa jẹjẹrẹ tí kò ní pa aláìsàn. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ń ta nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì, tó sì gbọ́dọ̀ tú u. Paclitaxel kì í jẹ́ kó tú. Sẹ́ẹ̀lì náà á há síbẹ̀, á kú. Gbòǹgbò irun náà ń pín kíákíá, ló ṣe ń já, yóò sì tún hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn gíga àti ìwúwo ìyá rẹ kí wọ́n tó po abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́kọ́ fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ̀ ọ́. Ta ló wọn ti inú ìgò àgbo?

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú paclitaxel palẹ̀ nínú ara. Bí àgbo ọlọ́tí bá dá iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ rú, abẹ́rẹ́ lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí kó má tó, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Gbé ìgò náà lọ fún dókítà, má fi pamọ́. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò, sọ ọ́. Sọ ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà, torí wọ́n lè dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kù. Ra tẹmómítà sílé: bí ara wọn bá gbóná dé 38, ì báà jẹ́ òru, ọsibítù ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ibà lásán ni kó wá lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì. Ewúro inú ọbẹ̀ kò burú. Àbúrò ìyá rẹ tó ná owó lórí àgbo, ìfẹ́ ló fi ṣe é, má bá a jà. Ní kó máa bá wọn ra ẹyin àti ẹja tútù létí ọ̀sà, kó sì tẹ̀ lé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ kẹta.