Irú idà wo ló yẹ kí ẹlẹ́ṣin rà?

Ará Ẹ̀pẹ́ kan tó fẹ́ gun ẹṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde béèrè irú idà tó yẹ kí òun mú dání.

Ọwọ́ òsì lẹ ó fi di ìjánu mú, nítorí náà idà tí ọwọ́ kan ká ló bá a mu, kó má sì wúwo ju nǹkan bíi kílógíráàmù kan lọ. Ẹ jókòó sórí gàárì, ẹ di èkù rẹ̀ mú, kí ẹ sì na ọwọ́ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin; bí ẹ bá ní láti bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ tó lè kan ẹni tó dúró nílẹ̀, ó kúrú jù. Ìdí nìyí tí idà àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin fi sábà máa ń gùn tó 80 sí 90 sẹ̀ǹtímítà láìka èkù.

Idà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1796, dára fún ṣíṣá. Èyí tó tọ́ gbọọrọ, bíi ti 1908 wọn, gígún ni wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀, takouba, idà àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sàhárà, tọ́ gbọọrọ, ṣíṣá ni wọ́n sì ń fi í ṣe jù.

Fún ayẹyẹ, mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ ra èyí tí kò mú, nítorí ìró ìlù àti ìbọn lè dẹ́rù ba ẹṣin láàárín èrò. Kí okùn tí ẹ ó fi kọ́ ọrùn ọwọ́ wà lára èkù rẹ̀. Ẹ fi epo pa á kí ẹ tó tì í bọ àkọ̀, torí ọ̀rinrin ọ̀sà tètè ń mú irin dípẹtà.